Bọ̀dá Ni Wọ́n Nawọ́ sí I

Mọ́ńdè, 20 Jánúárì 2025

Ọyẹ́ ti gbẹ ètè gbogbo wa. Mo ní kí wọ́n bu omi wọ́n pápá kí a tó bẹ̀rẹ̀, síbẹ̀ eruku ló gba ojú kan. Bọ́ọ̀lù méjì péré ló ṣì ń ta dáadáa. Àwọn tó kù ti rọ̀ bí ọsàn tó ti já lulẹ̀ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá.

Líìgì básíkẹ́ẹ̀tì ìpínlẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀. Ẹgbẹ́ tó bá ṣe ìkẹyìn lọ́dún yìí, wọ́n á yọ ọ́ kúrò, á máa lọ bá àwọn ẹgbẹ́ kéékèèké gbá. Díẹ̀ báyìí ló kù kí a jábọ́ lọ́dún tó kọjá. Yúnúsà, ọ̀kan nínú àwọn àgbà mẹ́rin tó ń gbá fún wa, ti sọ tirẹ̀ lójú gbogbo ènìyàn: bí ẹgbẹ́ wa, Àṣá Fìdítì, bá fi jábọ́, òun á ta bàtà òun, òun ò ní dàgbà tán kí òun tún máa bá àwọn ọmọ ilé-ìwé sáré kiri. Àwọn àgbà mẹ́ta yòókù ò sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n mo rí ojú wọn. Bí àwọn wọ̀nyí bá lọ, àwọn ọmọdé á wá ẹgbẹ́ lọ sí Ìbàdàn, ó parí nìyẹn. Ẹgbẹ́ tí Bàbá Tóyọ̀sí fi ogún ọdún tọ́ dàgbà, èmi opó rẹ̀ ni máa wá sin ín. Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́ o.

Àwọn àgbà mẹ́rin yẹn ló gbé pósí rẹ̀ lọ́dún méjì sẹ́yìn. Ṣàmsúdéènì, balógun wa, ló wà níwájú. Mùsùlùmí òdodo, ó gbé kóòṣì rẹ̀ wọ ìtẹ́ òkú àwa Onítẹ̀bọmi, kò wo ojú ẹnikẹ́ni. Ta wá ni mí tí máa sọ fún irú ẹni bẹ́ẹ̀ pé ó tó gẹ́?

Tọ́sìdeè, 23 Jánúárì

Mo wo àwọn ọmọdé dáadáa lónìí. Wọ́n yá gidi. Èyí tó ń jẹ́ Ayọ̀bámi, ọmọ ọdún méjìdínlógún láti Ìmínì tí bàbá rẹ̀ ń dáko káṣú, ọmọ yẹn ń fò bí ẹni pé ilẹ̀ gbóná lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó ju bọ́ọ̀lù láti òkèèrè, ó wọlé. Ó tún un jù, ó tún wọlé. Mi ò pariwo. Bí èèyàn bá yin ọmọ jù lójú rẹ̀, á bà á jẹ́.

Ṣàmsúdéènì ń tiro bó bá rò pé mi ò wo òun. Ó ti pé ọmọ ọdún méjìdínlógójì. Wẹ́dà ni, òun ló fọwọ́ ara rẹ̀ jó irin apẹ̀rẹ̀ méjèèjì tó wà lórí pápá wa, ìgbà yẹn kò tíì níyàwó. Mo bi í léèrè orúnkún.

"Mọ́mì, ọyẹ́ ni. Bí oòrùn bá yọ, á lọ."

Oòrùn ti yọ láti àárọ̀.

Sátidé, 1 Fẹ́búárì

A gbàlejò àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́, wọ́n sì fi póìǹtì kan ṣoṣo nà wá. Inú ń bí mi débi pé mo gbé ọbẹ̀ kaná, mo gbàgbé rẹ̀, ó jóná.

Ó ku díẹ̀ kí rẹfirí fun fèrè ìkẹyìn. Ayọ̀bámi gba bọ́ọ̀lù, ó sá kọjá lára èèyàn méjì, ó dé abẹ́ apẹ̀rẹ̀, òun nìkan. Kò sí ẹni tó lè dí i lọ́wọ́. Kó sáà gbé e sínú ló kù. Àfi bí ọmọ náà ṣe yíjú padà, tó ju bọ́ọ̀lù sẹ́yìn sí Ṣàmsúdéènì, ẹni tí ọkùnrin méjì ti dì mọ́. Ṣàmsú fò, orúnkún ò gbé e, wọ́n gbá bọ́ọ̀lù kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. Fèrè dún.

Mo pe ọmọ náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ayọ̀bámi, ìwọ nìkan lo wà lábẹ́ apẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tí o ò jù ú?"

Ó dọ̀bálẹ̀ lójú ẹsẹ̀. "Ẹ má bínú, Mọ́mì. Bọ̀dá ni wọ́n nawọ́ sí i."

"Ṣé o ò rí èèyàn méjì tó wà lára bọ̀dá ni?"

"Mo rí wọn, mà."

"O rí wọn, o sì tún gbé e fún un?"

"Wọ́n nawọ́, mà."

Ẹ gbà mí. Ilé tí wọ́n ti tọ́ ọ ló ti mọ̀ ọ́n. Bí àgbà bá nawọ́ sí nǹkan tó wà lọ́wọ́ ọmọdé, ọmọdé á fi ọwọ́ méjèèjì gbé e fún un. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ lèmi náà ṣe kọ́ Tóyọ̀sí. Mi ò lè jókòó sí Fìdítì kí n máa lu ọmọ nítorí pé ó mọ̀wà hù. Ṣùgbọ́n ìwà yìí ló máa lé wa kúrò nínú líìgì bí mi ò bá wá nǹkan ṣe.

Mọ́ńdè, 3 Fẹ́búárì

Mo ṣòfin tuntun. Lórí pápá, kò sí bọ̀dá mọ́. Kí ọmọdé tó pe "Bọ̀dá Ṣàmsúdéènì" tán, bọ́ọ̀lù ti bá ẹlòmíràn lọ. Kí kálukú máa pe ẹnì kejì rẹ̀ lórúkọ, kó sì máa ju bọ́ọ̀lù síbi tó yẹ.

Yúnúsà fọwọ́ lẹ́rán. Awakọ̀ èrò ni, Fìdítì sí Ìlọrà sí Ọ̀yọ́, ẹnu rẹ̀ ò lè dákẹ́. "Mọ́mì, ọmọ tí mo lè bí, kó la ẹnu kó pè mí ní Yúnúsà? Tó bá dọ̀la ńkọ́, ṣé kó wá máa gbá mi lórí?"

Gbogbo wọn bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín fẹ́ pa èmi náà, mo gbé e mì.

Kí wá ni àwọn ọmọdé ṣe? Wọ́n dákẹ́. Wọn ò pe bọ̀dá, wọn ò sì pe orúkọ. Wọ́n ń sáré lọ sáré bọ̀ bí ẹni tó gbé omi sẹ́nu, bọ́ọ̀lù ń bọ́ sínú oko ẹ̀gẹ́ tó wà lẹ́yìn ilé-ìwé. Ìgbà tí ilẹ̀ fẹ́ ṣú, a ṣì ń wá ọ̀kan níbẹ̀.

Wẹ́sìdeè, 5 Fẹ́búárì

Ìyá Ayọ̀bámi gun ọ̀kadà wá láti Ìmínì. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó gbé èso káṣú kún inú ọ̀rá fún mi, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́.

"Mà, ẹ bá wa kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù, ẹ ṣeun, Ọlọ́run á bá yín kọ́ tiyín. Ṣùgbọ́n ẹ dákun, ẹ má kọ́ ọ ní àrífín. Bọ́ọ̀lù á tán lọ́jọ́ kan, á padà wá bá wa nílé. Bí kò bá mọ àgbà mọ́, ta ló máa gbà á sílé?"

Mo da òfin náà nù lójú ọjọ́ kan náà. Àwọn ará Fìdítì máa ń sọ pé olórí kunkun ni àwa ọmọ Ìlọrà, kí wọ́n máa sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ìgbà tí ọ̀rọ̀ bá borí mi.

Sátidé, 8 Fẹ́búárì

A lọ sí Ìbàdàn. Wọ́n nà wá. Búrẹ́dì tí à ń rà fún àwọn ọmọ tún ti wọ́n sí i, ó sì tún kéré sí i. Mo fi ẹ̀pà kún un.

Sátidé, 15 Fẹ́búárì

A borí! Ohùn mi ti há, mi ò lè sọ̀rọ̀, ìwé nìkan ni mo lè bá sọ ọ́.

Ṣàmsúdéènì ló gbé wa. Ó gbá a lónìí bó ṣe ń gbá a nígbà tí Bàbá Tóyọ̀sí wà láyé. Gbogbo bọ́ọ̀lù ọwọ́ rẹ̀ ló ń wọlé. Àwọn ọmọdé ń yanu wò ó, wọ́n gbàgbé pé àwọn náà wá gbá bọ́ọ̀lù ni. Yúnúsà ń pariwo pé, "Ṣé ẹ rí i? Ọbẹ̀ àná ló máa ń dùn jù!"

Ṣùgbọ́n nígbà tí gbogbo wọn lọ tán, mo rí Ṣàmsúdéènì lórí bẹ́ǹṣì tó ń fi ọwọ́ méjèèjì gbé ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ sókè kó tó lè bọ́ bàtà. Orúnkún náà ti wú. Ó rí mi, ó rẹ́rìn-ín, ó ní kí n má dúró de òun. Ayọ̀ náà kúrò lára mi.

Túsìdeè, 18 Fẹ́búárì

Sàúdátù, ìyàwó Ṣàmsúdéènì, wá bá mi nílé-ìwé lákòókò ìsinmi ọ̀sán. Kò gbà kí n gbé àga fún òun.

"Mọ́mì, ṣé ẹ mọ̀ pé ọkọ mi, bàbá Bushrah, ti ń jókòó kírun?"

Mo ní báwo.

"Orúnkún wọn ò ká mọ́, mà. Wọn ò lè forí kanlẹ̀. Àga ni wọ́n ń gbé sínú yàrá. Wọ́n ti pa mọ́sálásí tì, nítorí kí àwọn èèyàn má baà rí wọn lórí àga bí arúgbó. Dókítà ní kí wọ́n sinmi. Wọ́n ní Kóòṣì ló ní kí àwọn má fi yín sílẹ̀." Omi ti lé sí i lójú. "Èmi ò lè bá òkú jà, Mọ́mì. Ẹ̀yin ni kí ẹ bá mi sọ ọ́."

Mo ní máa sọ ọ́. Aago ilé-ìwé lù, mo padà sí kíláàsì, mi ò mọ nǹkan tí mo kọ́ àwọn ọmọ náà.

Sátidé, 22 Fẹ́búárì

Mi ò sọ ọ́.

Ṣàmsúdéènì wá sí pápá ní Tọ́sìdeè, mo wò ó, mo gbójú kúrò. Mo wá dọ́gbọ́n òmùgọ̀ kan: mo kan ka orúkọ àwọn tó máa wọlé lónìí síta, ọmọdé ni gbogbo wọn. Àwọn àgbà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin jókòó. Lójú èrò ni Ṣàmsúdéènì ti gbọ́ ọ fúnra rẹ̀ pé orúkọ òun ò sí níbẹ̀. Ó fa sókísì rẹ̀ sókè, ó jókòó.

Àwọn ará Ọ̀yọ́ fọ́ wa bí ẹni fọ́ ẹyin. Gbogbo ìgbà tí bọ́ọ̀lù bá dé ọwọ́ Ayọ̀bámi, ó ń wo bẹ́ǹṣì. Ọmọ tó ń fò bí ẹni tó tẹ iná, ṣe ló dúró gbagidi, tó ń wá ojú ẹni tó máa gbé e fún.

Nígbà tí a ṣe tán, Yúnúsà bọ́ jésì rẹ̀, ó jù ú sílẹ̀ lẹ́sẹ̀ mi. "Ẹ ti lò wá tán, Mọ́mì. Kò burú." Ó wọ mọ́tò rẹ̀, ó lọ. Ṣàmsúdéènì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ìnira, ó mú jésì náà, ó gbọn eruku rẹ̀, ó ká a. Kíká tó ká a yẹn ló dùn mí ju ariwo Yúnúsà lọ.

Wẹ́sìdeè, 26 Fẹ́búárì

Ṣàmsúdéènì wá lẹ́yìn ìrun àṣálẹ́. Ó mú jésì Yúnúsà dání, wọ́n ti fọ̀ ọ́, wọ́n ti lọ̀ ọ́. Ó jókòó sórí àga Bàbá Tóyọ̀sí, bóyá kò mọ̀, bóyá ó mọ̀.

"Mọ́mì, ká ní ẹ ti sọ fún mi tẹ́lẹ̀ ni, èmi ni ǹ bá ka orúkọ àwọn ọmọ yẹn síta."

"Ojú rẹ ni mi ò lè wò, Ṣàmsú."

"Kóòṣì ní kí n má fi yín sílẹ̀."

"Mo mọ̀. Mo wà níbẹ̀. Ṣùgbọ́n Bàbá Tóyọ̀sí ò ní kí o má lè forí kanlẹ̀ fún Ọlọ́run rẹ mọ́ nítorí bọ́ọ̀lù."

Ó ní, "Sàúdátù ti wá bá yín." Mo ní ó wá. Ó mí kanlẹ̀, ó wá sọ ọ̀rọ̀ kan tó fa omi lójú mi, mi ò sì fi pa mọ́. Ó ní, "Bí mi ò bá gbá bọ́ọ̀lù mọ́, Mọ́mì, ta ni mo jẹ́ ní Fìdítì? Wẹ́dà pọ̀."

Ohun tí a fẹnu kò sí ni pé àwọn ọmọdé lá máa bẹ̀rẹ̀, òun á wọlé ní ìṣẹ́jú díẹ̀ tó kẹ́yìn nìkan, nígbà tí àyà bá ń já wọn. Bí líìgì bá ti parí, ó tó. Ó gbà. Ó ní òun á lọ bá Yúnúsà.

Sátidé, 1 Máàṣì

Ààwẹ̀ bẹ̀rẹ̀ lónìí. Oru mú bí ẹni pé wọ́n da omi gbígbóná lé wa lórí. Kò sí ìdíje. Mo sùn.

Sátidé, 8 Máàṣì

A borí. Àwọn ọmọdé bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, wọ́n gbá a dáadáa, àyà wá bẹ̀rẹ̀ sí í já wọn, mo gbé Ṣàmsúdéènì wọlé, ọkàn gbogbo wọn sì balẹ̀ bí ìgbà tí ìyá wọlé dé bá ọmọ.

Yúnúsà náà yọjú. Ó ní kì í ṣe pé òun padà wá o, jésì òun lòun wá gbà, aṣọ òun ni. Ó wọ̀ ọ́ tán, ó jókòó tì mí lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí Ayọ̀bámi fò tó gbá bọ́ọ̀lù wọ apẹ̀rẹ̀, Yúnúsà kọ hàà. "Mọ́mì, wọ́n ní ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, t'àgbàlagbà ò wọ kèrègbè. Ọwọ́ ọmọ yìí tó pẹpẹ o! Tiwa ni ò wọ ibì kankan mọ́." Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń ro mí. Ó ti pẹ́.

Sátidé, 15 Máàṣì

Ó tún ṣe é.

Ìṣẹ́jú tó kẹ́yìn, Ayọ̀bámi rí ọ̀nà gbalaja, ó tún yíjú padà, ó gbé bọ́ọ̀lù fún Ṣàmsúdéènì. Wọ́n ti dúró dè é níbẹ̀. A pàdánù. Ìdíje kan ṣoṣo ló kù báyìí. Bí a bá borí, a dúró nínú líìgì. Bí a bá pàdánù, àwa la ṣe ìkẹyìn, a lọ.

Lọ́tẹ̀ yìí, Ṣàmsúdéènì fúnra rẹ̀ ló pè é. Mo wà nítòsí.

"Ayọ̀bámi, kí ló ṣẹlẹ̀?"

"Ẹ nawọ́ sí i, bọ̀dá."

"Mi ò nawọ́."

Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, kò fẹ́ pe àgbà ní onírọ́. "Ẹ nawọ́, sà. Ẹ má bínú."

Ṣàmsú wo ojú mi. Mo mi orí fún un pé bẹ́ẹ̀ ni. Òótọ́ ni, ó nà án, gbogbo ìgbà ló ń nà án. Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wò wọ́n bí ẹni tó ń wo ọwọ́ ẹlòmíràn. "Mọ́mì, mi ò mọ̀ pé mò ń nà án. Ogún ọdún tí wọ́n ti ń ju bọ́ọ̀lù sí mi, ọwọ́ ti ń lọ fúnra rẹ̀."

Tọ́sìdeè, 20 Máàṣì

Òjò àkọ́rọ̀. Ó ṣí páànù méjì kúrò lórí yàrá tí à ń kó bọ́ọ̀lù sí. Ṣàmsúdéènì gun àkàbà láti kàn án, mo pariwo lé e lórí, ó sọ̀ kalẹ̀, Ayọ̀bámi ló gùn ún. Ṣàmsú dúró nísàlẹ̀, ó ń júwe fún un.

Sátidé, 29 Máàṣì

Máa kọ ọ́ bó ṣe ṣẹlẹ̀.

Yúnúsà ló wa wá lọ sí Ìbàdàn. Láti ìbẹ̀rẹ̀, àwa àti àwọn ará Ìbàdàn ń fà á mọ́ ara wa lọ́wọ́: wọ́n á ṣáájú, a ó bá wọn, wọ́n á tún ṣáájú. Ó wá ku ìṣẹ́jú díẹ̀, póìǹtì kan ni wọ́n fi ṣáájú wa. Mo wo Ṣàmsúdéènì. Ètè rẹ̀ ti funfun nítorí ààwẹ̀. Mo ní, "Ṣé o lè ṣe é?" Ó ní, "Bí oṣù bá lé lálẹ́ òní, ààwẹ̀ parí nìyẹn, Mọ́mì. Ẹ jẹ́ kí n lọ parí tèmi náà." Ó dìde.

Bọ́ọ̀lù dé ọwọ́ Ayọ̀bámi. Mo rí ojú ọmọ náà tó ń wá Ṣàmsú. Gbogbo èrò rí i. Àwọn ará Ìbàdàn náà rí i, méjì nínú wọn ti sáré lọ dúró ti Ṣàmsú, torí wọ́n ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù wa máa ń gbà lọ.

Ṣàmsúdéènì bá káwọ́ sẹ́yìn.

Mo kọ́kọ́ rò pé nǹkan ló ṣe é. Láàárín pápá, láàárín ariwo, ọkùnrin náà ká ọwọ́ méjèèjì sẹ́yìn, ó fi ọwọ́ kan di èkejì mú, ó dúró bí ẹni tó wá wo ilé tí wọ́n ń kọ́. Ayọ̀bámi wò ó. Ó tún un wò. Kò sí ọwọ́ tó máa gbé e lé. Mo rí i lójú ọmọ náà nígbà tó yé e. Ó yíjú sí apẹ̀rẹ̀, ó fò, ó jù ú.

Bọ́ọ̀lù lu irin. Ó tún lu irin. Ó yí ẹnu apẹ̀rẹ̀ po, ó bọ́ síta. Fèrè dún.

A ti jábọ́.

Yúnúsà wa wá padà. Ayọ̀bámi wà ní ìjókòó ẹ̀yìn, ó gbé orí lé orúnkún, ó ń sunkún. Ṣàmsúdéènì ń tiro lọ sẹ́yìn bí mọ́tò ṣe ń lọ, ó jókòó tì í.

"Ẹ má bínú, bọ̀dá. Èmi ni mo bà á jẹ́ fún gbogbo yín."

"Ṣé o jù ú, àbí o ò jù ú?"

"Mo jù ú, sà."

"Ó tán."

Oòrùn wọ̀ lójú ọ̀nà. Ṣàmsú mú omi àti dàbínù jáde látinú àpò rẹ̀, ó ṣínu. Ó ya dàbínù kan sí méjì, ó na ìdajì sí Ayọ̀bámi. Ọmọ náà fi ọwọ́ méjèèjì gbà á. Nígbà tí a wọ Fìdítì, àwọn ọmọ kéékèèké ti ń sáré kiri pé oṣù ti lé. Mo wọlé, mo jókòó sínú òkùnkùn, mo ní, "Bàbá Tóyọ̀sí, o ò ní bínú sí mi?" Mo sunkún dáadáa.

Sọ́ńdè, 30 Máàṣì

Ọdún Ìtúnu Ààwẹ̀. Mo ti ṣọ́ọ̀ṣì gba ilé Ṣàmsúdéènì lọ. Sàúdátù gbé ìrẹsì àti ẹran kalẹ̀, ó kúnlẹ̀, ó di mọ́ mi lẹ́sẹ̀, kò jẹ́ kí n kọjá. Ó ní ọkọ òun fọwọ́ ara rẹ̀ gbé àga lọ sí Yídì láàárọ̀ yìí. Ó gbé e kalẹ̀ láàárín àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀, ó jókòó lé e, ó kírun lójú gbogbo ayé.

"Kò sí ẹni tó fi wọ́n rẹ́rìn-ín, Mọ́mì. Àwọn àgbà ń kí wọn."

Mi ò bi Ṣàmsú léèrè ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù. A jẹun. Ẹran náà dùn.

Sátidé, 5 Épírì

Mo mú kọ́kọ́rọ́ lọ sí pápá láàárọ̀ yìí láti lọ ti yàrá bọ́ọ̀lù pa. Mo ti sọ fún ara mi pé mi ò ní sunkún níbẹ̀. Mo ti fẹ́ dá kọ́kọ́rọ́ náà padà fún ọ̀gá ilé-ìwé kí n tó lọ sílé.

Mo gbọ́ ìró bọ́ọ̀lù kí n tó dé ẹnu ọ̀nà. Mọ́tò Yúnúsà wà níbẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ jókòó sórí bẹ́ǹṣì, ó kó bàtà rẹ̀ sí ẹsẹ̀. Ó ní, "Mọ́mì, ẹ má wò mí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó fẹ́ rà á ló ní kí n kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ kí òun rí i." Mo bi í pé ẹni tó fẹ́ rà á dà. Ó ní ó ń bọ̀. Àwọn ọmọdé wà lórí pápá, gbogbo wọn. Kò sí èyí tó lọ sí Ìbàdàn.

Ṣàmsúdéènì ti gbé àga rẹ̀ sábẹ́ apẹ̀rẹ̀, àga tó fi kírun ní Yídì náà ni. Ó jókòó, ó na ẹsẹ̀ ọ̀tún síwájú, ó fi fèrè sẹ́nu. Ayọ̀bámi gba bọ́ọ̀lù, ó sáré wá láti àárín pápá, ó dé ojú ibi tó ti jù ú lọ́jọ́ yẹn gẹ́lẹ́.

Ṣàmsú nawọ́ sí i. Ó nà án gan-an, ọwọ́ méjèèjì, bí ẹni tí nǹkan tirẹ̀ wà lọ́wọ́ ọmọdé. Ó ní, "Gbé e wá."

Ọmọ náà dúró. Ó wo ọwọ́ náà, ó wo apẹ̀rẹ̀. Ó tẹríba díẹ̀ bó ṣe ń fò.

"Ẹ má bínú, bọ̀dá," ló wí, ó sì jù ú.

Ó wọlé. Ṣàmsúdéènì fun fèrè, ó ní kó lọ tún un ṣe. Mo fi kọ́kọ́rọ́ náà sápò.